Àrokò Inú Ọmú: Iṣẹ́ Tí Enzyme Ń Ṣe Nínú Àrùn Jẹjẹrẹ

Àlejò tí ó bá ń bọ̀ ní Ṣábẹ láti ìhà gúúsù, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ilé. Àwọn Faransé wo àwọn àpáta ńlá wọ̀nyí, wọ́n fi wọ́n wé ọmú obìnrin, wọ́n sì sọ wọ́n ní mamelles de Savè. Orúkọ náà wà nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò títí di òní; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ọ́ sínú àròkọ wọn, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Ọmú òkúta rọrùn láti dárúkọ. Ti ẹran-ara ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí kókó bá yọ sínú rẹ̀: obìnrin á fi aṣọ bò ó, á lọ ewé sí i, á ní òun ń retí kí ó rọ̀, oṣù á sì máa gorí oṣù.

A kò fẹ́ tún sọ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti sọ nípa bí a ṣe ń fi ọwọ́ yẹ ọmú wò. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kókó náà gan-an ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí dókítà fi ní kí a kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò sì ní mọ ìdí tí obìnrin méjì tí kókó wọn tóbi bákan náà fi ń gba oògùn tí kò jọra. A máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń bẹ dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn tí ẹ fún ìyá lágbájá tí ara rẹ̀ fi yá, òun náà ni kí ẹ fún ìyá wa." Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n oògùn ìyá lágbájá lè má ṣe nǹkan kan fún ìyá tiwọn.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún àrùn yìí, jẹjẹrẹ, ń jẹ́ kí a rò pé nǹkan kan wọ inú ara láti ìta, tí ó sì ń jẹ ẹran díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ, nítorí nígbà tí àrùn náà bá ti pẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń jọ ohun tí a jẹ. Síbẹ̀, kò sí àlejò kankan níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni fúnra rẹ̀ ni. Cellule ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ń pè é, àwọn Yorùbá ìhà Nàìjíríà sì ń kọ ọ́ ní sẹ́ẹ̀lì. Òun ni ẹyọ kékeré tí a fi mọ gbogbo ẹran-ara, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí bíríkì ni pé ó wà láàyè: ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń pín sí méjì, ó sì ń kú nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pín láìdúró, tí ó kọ̀ láti kú, tí ó sì ń ṣí lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, òun ni à ń pè ní jẹjẹrẹ.

Ta ni ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó pín tàbí kí ó dúró? Níbí yìí, ogún àwọn baba wa wúlò fún wa ju ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé lọ. Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn Yorùbá fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni fà mọ́ ọn, nítorí pé fífà wà nínú ẹẹ́fà. Mẹ́jọ ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ, nítorí pé jíjọ wà nínú ẹẹ́jọ. Bí a bá kọ ojú ẹyọ owó méjì sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá kọ ẹ̀yìn wọn sí ara wọn, ìjà ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀ rárá. Ohun tí a so àti bí a ṣe so ó ni iṣẹ́ tí a rán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti sẹ́ẹ̀lì. Kò ní ẹnu, kò ní etí. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé àrokò kiri láàárín wọn, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tí ń gbà á fún un, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní récepteur. A ó máa pè wọ́n ní agbàrokò.

Nígbà tí àrokò bá ti dé inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn enzyme ni wọ́n ń gbé e lọ síwájú. Enzyme tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ni ti inú itọ́, èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iyán di ṣúgà kí a tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹbí wọn pọ̀. Ọ̀kan nínú ẹbí náà ni kinase, irú rẹ̀ tí ó wà nínú ara ènìyàn sì ju 500 lọ. Kinase máa ń mú èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ phosphate, á so ó mọ́ ohun mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, púpọ̀ jù lọ mọ́ purotéènì. Purotéènì tí ó ń sùn á jí, òun náà á sì lọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bóyá kí ó so phosphate mọ́ ẹlòmíràn. Enzyme mìíràn, tí à ń pè ní phosphatase, ń tú ohun tí kinase ti so. Síso àti títú yìí ni apá ńlá nínú ìjíròrò tí sẹ́ẹ̀lì ń bá ara rẹ̀ ṣe. Edmond Fischer àti Edwin Krebs ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí wọ́n ń wá bí iṣan ara ṣe ń rí agbára lò. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kò sí lọ́kàn wọn nígbà náà. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ wọn ní 1992. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń béèrè pé kí ni ìwúlò ẹ̀kọ́ tí kò mú owó wá lónìí rántí àwọn méjì wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọ̀nà kan ṣoṣo nínú ọ̀nà púpọ̀. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì ọmú, agbàrokò kan wà tí ń jẹ́ HER2. Apá kan rẹ̀ wà níta, bí oníbodè tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìlú. Apá kejì wà nínú, kinase sì ni apá inú yìí. Nígbà tí HER2 bá so pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, apá inú á bẹ̀rẹ̀ sí í so phosphate. Èyí á ta kinase kejì tí ń jẹ́ PI3K jí; PI3K á so tirẹ̀ mọ́ ọ̀rá kan tí ó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì; àmì tí ó so yìí á pe ẹ̀kẹta, AKT; AKT á sì tan iṣẹ́ náà kálẹ̀: kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, kí ó pín, kí ó má tíì kú. Lójú ọ̀nà náà, PTEN dúró, ó ń tú ohun tí PI3K so kí ọ̀rọ̀ lè ní ìparí. Nínú ọmú tí ara rẹ̀ dá, irú àwọn àrokò báyìí ń dé ní àsìkò wọn, bí ọmọdébìnrin bá ń bàlágà, bí aboyún bá ń múra àtifún ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dákẹ́.

Nínú jẹjẹrẹ, àrokò kì í dákẹ́. Nígbà mìíràn, jíìnì tí ń ṣe HER2 ti di púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn oníbodè á wá pọ̀ lára rẹ̀ débi pé wọ́n ń so ara wọn pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí wọn. Bíi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọmú ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà mìíràn, PI3K ni ìrísí rẹ̀ yí padà, tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nígbà mìíràn, PTEN ni ó sọnù, kò sì sí ẹni tí yóò tú ohun tí a so. Ohun tí ó bàjẹ́ yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí òmíràn. Ohun tí ìka ń bá lábẹ́ awọ, ọ̀kan náà ni: kókó.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Terminale D bi wá léèrè nígbà tí a kọ́ wọn ní èyí: "Monsieur, ẹ ní kò sí ẹni tí ó rán àrokò náà. Ta ni ó wá ba oníbodè jẹ́?" Ibi tí ìbéèrè rẹ̀ dúró sí yìí gan-an ni àwọn aládùúgbò ti máa ń dárúkọ orogún tàbí ìyá ọkọ. Jíìnì ni ó yí padà. Ìgbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, ó gbọ́dọ̀ da ìwé ńlá kan kọ, ìwé tí lẹ́tà inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Àṣìkọ máa ń wà. Ara ń tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀ ń ṣẹ́kù, wọ́n sì ń kó jọ bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Ọtí mímu wà lára ohun tí ń fi kún ewu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísanra jù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Àrùn náà kì í ràn. Ẹni tí ó jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú aláìsàn kò ní kó o. Ọkùnrin pẹ̀lú lè ní i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ogún ìdílé kò ṣeé fò, nítorí a ti ń gbọ́ pé àwọn kan ń kọ ọmọ sílẹ̀ ní ìgbéyàwó nítorí àrùn ìyá rẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ àbájáde ìwádìí lórí obìnrin 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú jáde. Nínú wọn, 167 ni ó jogún àyípadà nínú jíìnì tí ó fa irú ewu bẹ́ẹ̀, ìyẹn 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún. BRCA1 ni ó pọ̀ jù, BRCA2 tẹ̀ lé e. Àwọn jíìnì méjèèjì yìí kì í gbé àrokò, àtúnṣe àṣìkọ ni iṣẹ́ wọn. Iye náà kò kéré rárá, ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà bá sì kàn, àwọn ọmọ wọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, lè jogún rẹ̀ ní ìdajì-ìdajì. Àwọn ọmọbìnrin irú ìdílé bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bíi márùn-dín-láàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin náà kò jogún nǹkan kan tí ìwádìí náà rí. Ẹni tí ó ń lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ nítorí èyí, ẹ̀rù ni ó ń tẹ̀lé, kì í ṣe ìmọ̀.

Láti ìgbà tí a ti mọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, oògùn náà ti yí padà. Estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, ní agbàrokò tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí jẹjẹrẹ kan bá ń gbọ́ràn sí estrogen lẹ́nu, tamoxifen á jókòó sí àyè rẹ̀ kí ó má baà rí ibi dúró. Oògùn oníhóró ni, a ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti púpọ̀ nínú oògùn àrùn yìí. Ti HER2 pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Ní 1987, Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé àwọn obìnrin tí HER2 wọn pọ̀ jù ni àrùn náà ń tètè padà sí lára, tí ó sì ń tètè pa. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tí ń di apá ìta HER2 mú, tí ó sì ń pe àwọn ọmọ ogun ara wá bá sẹ́ẹ̀lì náà jà. Irú jẹjẹrẹ tí a ń bẹ̀rù jù wá di èyí tí a ní ohun ìjà kan pàtó sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí ní 2015, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́rù títí di ìsinsìnyí. Fún obìnrin tí HER2 rẹ̀ kò pọ̀ jù, ẹni tí ń kí oníbodè tí kò sí níbodè ni a jẹ́ bí a bá fún un ní trastuzumab. Bákan náà ni tamoxifen fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò ní agbàrokò estrogen.

Ẹgbẹ́ kẹta wà: jẹjẹrẹ tí kò ní agbàrokò estrogen, tí kò ní ti progesterone, tí HER2 rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Triple négatif ni àwọn dókítà wa ń pè é. Chimio àti iṣẹ́ abẹ ni a sábà máa ń fi kojú rẹ̀, ó sì ń yára ju àwọn yòókù lọ. Oṣù mẹ́ta tí a fi lọ ewé sí i, òun ni jẹjẹrẹ náà ń lò láti dàgbà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, ọmọ Yorùbá tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin Áfíríkà. Ní 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gàl jáde. Ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba kò tó 45, ju ìdajì lọ nínú wọn sì jẹ́ triple négatif. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ní 2008, ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ìwádìí mìíràn láti Ìbàdàn kan náà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo darí, ti rí i pé ju ìdajì lọ nínú àwọn obìnrin tirẹ̀ ni ó ní agbàrokò estrogen. Ìlú kan náà, àrùn kan náà, àbájáde méjì.

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èyí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọ́ka sí sì jẹ́ ohun tí alápatà èyíkéyìí lè ṣàlàyé: ẹran máa ń bàjẹ́. Agbàrokò jẹ́ purotéènì. Bí ẹran tí a gé lára ọmú bá pẹ́ nínú ooru kí a tó tọ́jú rẹ̀, agbàrokò tí ó wà níbẹ̀ á jẹrà, ilé àyẹ̀wò á sì kọ ọ́ pé kò sí. Obìnrin tí ó yẹ kí ó gba tamoxifen kò ní gbà á. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé kí ẹran náà wọ inú formol láàárín wákàtí kan tí a gé e, kí ó sì wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí ó má ju 72 lọ. Láti Ṣábẹ dé Kùtọnú ju 200 kìlómítà lọ. Nítorí náà, kí ẹbí tí a bá fún ní ìgò kékeré pé kí ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò béèrè bóyá formol ni ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n rí i pé a kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a gé e sí ara rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ lójijì. Kì í ṣe ẹrù tí a ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ títí di ọjọ́ ọjà.

Ní 2018, Olópadé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ jìn sí i. Wọ́n ka jíìnì inú jẹjẹrẹ àwọn aláìsàn 194 láti Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n wé ti 1,037 tí a ti kó jọ sínú àkójọ ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àyípadà nínú jíìnì PI3K kéré lára àwọn ará Nàìjíríà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nígbà tí àyípadà nínú jíìnì tí ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, TP53, pọ̀ nínú irú jẹjẹrẹ kan tí a máa ń rò pé ó rọ̀. Ọdún kejì rẹ̀, 2019, ni Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí alpelisib, oògùn tí ń dá PI3K tí ó yí padà dúró. Oògùn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: enzyme tí ó pọ̀ lára àwọn tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni a kọ́kọ́ ṣe oògùn fún. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà láàárín Ṣábẹ àti Ọ̀yọ́ kò gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, àwọn obìnrin tiwa sì nílò kí a ka jíìnì tiwọn náà.

Ẹ̀rù tí ó tóbi jù tí a ń bá pàdé ni pé bí abẹ tàbí abẹ́rẹ́ bá kan kókó náà, yóò tàn káàkiri. Ohun tí ń jẹ́ kí èèyàn gbà bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ń lọ nígbà tí ó ti tàn tán, tí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí a gé wọn. Biopsie kọ́ ni ó pa wọ́n. Láìsí i, dókítà ń ta òkò sínú òkùnkùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju 60 ọjọ́ lọ láti ìgbà tí aláìsàn bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn sí ìgbà tí a ó mọ irú àrùn tí ó ní.

Bí àbájáde bá dé, èdè Faransé ni a ó fi kọ ọ́, ìyá tí kò kàwé á sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní collège. Kí ọmọ náà wá ìlà mẹ́ta. RE ni agbàrokò estrogen, RP ni ti progesterone. Bí ó bá jẹ́ positif, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa tamoxifen tàbí irú rẹ̀. HER2 máa ń ní nọ́ńbà: 0 tàbí 1+ ń sọ pé kò pọ̀ jù, 3+ ń sọ pé ó pọ̀ jù. 2+ kò tíì sọ nǹkan kan. Àyẹ̀wò mìíràn, tí ń jẹ́ FISH, ni yóò parí ọ̀rọ̀. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí nínú ìwé náà rárá, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí.

Ní Nàìjíríà, lágbègbè tí kò jìnnà sí wa, àwọn dókítà ti gbìyànjú nǹkan kan tí a fẹ́ kí àwọn ará wa mọ̀. Wọ́n pe ìdánwò náà ní ARETTA. Àwọn obìnrin tí HER2 wọn pọ̀ jù ni wọ́n pè sí i; wọ́n fún wọn ní trastuzumab pẹ̀lú docetaxel kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Irú trastuzumab tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ awọ ni, kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, obìnrin náà á sì dìde.